Kọ̀ǹpútà tuntun kọ̀, kò tàn: ẹ má tíì ra nǹkan míì

Lálẹ́ Sátidé kan ni fóònù mi dún. Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní LASU, tó ń gbé ní Ìbà, ló pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà tí mo tò ò tàn o. Fáànù á yí díẹ̀ báyìí, á tún dúró." Ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Kò jẹ̀bi. Oṣù mẹ́rin ló fi kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yẹn jọ. Ó ra àwọn kan ní Alábà, ní Ọ̀jọ́ níbí, ó sì wọ ọkọ̀ láti Ìyànà-Ìbà gba Ìgàndó lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà kó tó rí àwọn yòókù. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìdajì owó náà, ọwọ́ màmá rẹ̀ ló ti wá. Okokomaiko ni màmá ti ń ta ẹja yíyan, owó àjọ tí wọ́n kó ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Àwòrán tó ń rìn ni ọmọ yìí fẹ́ fi ṣe project àṣekágbá rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù kó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó ta motherboard fún un ti sọ fún un lórí fóònù pé ọwọ́ rẹ̀ ló jó o, pé kó wá ra òmíràn.

Mo ní, "Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Yọ plug lára ògiri. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi náà dá ẹjọ́ ikú fún motherboard mi, mo lọ fi owó tí mi ò ní ra òmíràn. Tuntun dé, kò tàn. Wáyà kan ṣoṣo ni mo gbàgbé láti kì bọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ yẹn kọ́ ló ń tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó dà bíi súwíìṣì gílóòbù ara ògiri: tẹ̀ ẹ́, iná dé. Rárá o. Láti 1995 tí Intel ti gbé ìlànà ATX jáde, ìránṣẹ́ lásán ni bọ́tìnnì náà. Bí plug bá ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, power supply ti ń fi volt 5 ránṣẹ́ sí motherboard lórí wáyà aláwọ̀ elésè àlùkò, bí ọlọ́dẹ tó ń fi ojú kan sùn. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, motherboard ni ẹ jí. Òun ló máa wá so wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú, ìyẹn ni power supply á fi mọ̀ pé kóun tú volt 12, volt 5 àti volt 3.3 sílẹ̀. Á yẹ ara rẹ̀ wò, kò ní ju bí èèyàn ṣe ṣẹ́jú lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró dáadáa, á fi àmì ránṣẹ́ lórí wáyà aláwọ̀ eérú pé ó dáa, ẹ máa lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni processor tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Á lọ ka BIOS, BIOS á sì máa pe orúkọ bíi tíṣà tó di register mú: RAM ńkọ́? Graphics card ńkọ́? Keyboard ńkọ́? Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n ń pè ní POST, ó sì ti wà láti ìgbà IBM PC ní 1981.

Ẹ wá rí i pé "kò tàn" kì í ṣe àrùn kan. Ọ̀nà gígùn ni iná ń rìn láti ara ògiri dé ojú screen. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé, ibo ló dúró sí?

Nígbà tí mo dé Ìbà lọ́jọ́ Sunday, NEPA wà. Ara ògiri ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mítà mi ka nǹkan bíi volt 190, bẹ́ẹ̀ 230 ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ power supply òde òní lè gba láti 100 dé 240, nítorí náà ìyẹn kọ́. Àwọn kan tó jẹ́ ti àtijọ́ ní súwíìṣì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bí tòkunbọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, tó ṣì wà lórí 115, tí ẹ sì kì í bọ iná wa níbí, á dún gbòà ni, èéfín á tẹ̀ lé e. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó kì í. Tiwa ò ní súwíìṣì yẹn.

Iná pẹ́pẹ́ kan tàn lára motherboard. Ó dáa, volt 5 ọlọ́dẹ wà. Mo yọ wáyà bọ́tìnnì kúrò, mo fi ẹnu screwdriver kan irin méjì tí wọ́n kọ PWR_SW sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun kan náà: fáànù yí díẹ̀, ó dúró. Bọ́tìnnì ò ṣẹ̀. Mo wo wáyà onírin mẹ́jọ tó máa ń wà lókè lápá òsì, tó ń gbé volt 12 fún processor. Òun ni àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń gbàgbé jù, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti kì ńlá onírin 24 yẹn. Ọmọ yìí kì í, ó sì wọlé dáadáa.

Ẹnu mi yá níbẹ̀. Mo ní, "Ó jọ pé power supply ni o." Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Mo yọ power supply náà kúrò lára gbogbo nǹkan, mo fi clip ìwé kan so ojú wáyà aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú, mo wá tan iná. Fáànù rẹ̀ yí, kò dúró. Ojú tì mí díẹ̀. Lóòótọ́, àyẹ̀wò yìí ò tó láti búra pé ara rẹ̀ le pátápátá, torí kò gbé ẹrù kankan, ṣùgbọ́n ó tó láti má dá a lẹ́bi. Ẹ jọ̀ọ́, ìta ni ẹ ti lè dán an wò o. Ẹ má ṣí inú power supply láéláé. Kódà lẹ́yìn tí ẹ bá yọ plug, ohun tó lé ní volt 300 lè ṣì wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ kàn.

Kí ló wá ń jẹ́ kí fáànù yí díẹ̀ kó sì dúró? Power supply tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Bó bá tú iná sílẹ̀, tó rí i pé iná náà ń gba ọ̀nà àbùjá, ohun tí àwọn oníná wa ń pè ní bridge, á pa ara rẹ̀ kíá. Mo ní ká tú motherboard jáde. A gbé e sórí páálí tó bá wá. A ò fi nǹkan míì sí i àyàfi processor, fáànù rẹ̀ àti RAM kan ṣoṣo. Mo tún fi screwdriver kan irin méjèèjì.

Fáànù yí, ó ń yí lọ. Ọmọ náà pariwo débi pé àwọn aládùúgbò yọjú.

Inú case ni wàhálà wà, kì í ṣe ara board. Àwọn òpó idẹ kéékèèké kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń gbé motherboard sókè kó má bàa fara kan irin. Ibi tí ihò síkírù bá wà lára board nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Tòkunbọ̀ ni case yìí, board kékeré ni ẹni tó lò ó kẹ́yìn ti gbé sínú rẹ̀, ó sì fi òpó kan sílẹ̀ síbi tí board ńlá tiwa ò ti ní ihò. Orí òpó yẹn ló ń gún ojú ìjo lẹ́yìn board. A fi ọwọ́ tú u kúrò. Kò gbà wá ní náírà kan.

Iná dé, àmọ́ àwòrán ò dé. Lára board náà, iná kékeré mẹ́rin wà: CPU, DRAM, VGA, BOOT. DRAM ló dúró tó ń tàn. BIOS ti pe RAM, RAM ò dáhùn. Mo yọ ọ́, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti dúdú díẹ̀. Omi ò jìnnà sí Ọ̀jọ́, ọ̀rinrin àti ìdọ̀tí sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu RAM tó ti pẹ́ lórí àtẹ. Ìrésà tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ìwé la fi rọra nu ún, mo kì í bọ ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ processor, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kàà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́, á wá wọlé lábọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM, ẹ kọ́kọ́ di irin case mú, pàápàá lásìkò ọyẹ́, kí iná ara yín má bàa bà á jẹ́.

Màmá pè ní àkókò yìí. Ọmọ náà fi fóònù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Dákun, ọmọ mi, ṣé owó yẹn ò ti wọgbó báyìí?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, a ti ń sún mọ́ ọn." Inú mi ò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lójú o.

A dá gbogbo rẹ̀ padà sínú case, graphics card náà wọlé. Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn, wọ́n sì kú lẹ́yọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmì pé ara board balẹ̀. Screen ṣì dúdú. Mo bojú wẹ̀yìn, mo bú sẹ́rìn-ín. i5-10400F ni processor rẹ̀. Lẹ́tà F yẹn ni Intel fi ń sọ pé kò sí ẹ̀yà àwòrán nínú ẹ̀. Ara motherboard ni ọmọ yìí ki wáyà monitor sí, níbi tí àwòrán kankan ò ti lè jáde. A yọ ọ́, a kì í bọ graphics card. Àwòrán yọ.

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló máa rí báyìí. Ẹni tó bá ra Ryzen 5000 sórí board B450 tó ti pẹ́ lè bá BIOS tí ò mọ processor yẹn rí pàdé, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di tuntun ná. Àwọn tó ń lo DDR5, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, screen lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí board ń kọ́ bó ṣe máa bá RAM sọ̀rọ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ pa á. Ẹ lọ mu gàrí, kẹ́ ẹ tó padà wò ó.

Ohun kan ṣì kù tí a ò rí ṣe. Bí ọmọ náà bá fi ẹsẹ̀ lásán kan ilẹ̀, tó wá fọwọ́ kan irin case, ó máa ń ta á wìn-ìn wìn-ìn. Kọ̀ǹpútà ò ṣẹ̀. Inú power supply ni ẹ̀yà kan wà tó máa ń da ariwo iná dà sí wáyà ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní earth. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé náà ní ojú mẹ́ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ojú kẹta, nítorí náà ara case ni iná kékeré yẹn ń dúró sí, tó ń wá ẹni tó máa bá gba ilẹ̀ lọ. Ó ti sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Lánlọ́ọ̀dù ní òun máa pe oníná tóun bá ti gba owó ilé. Ní báyìí ná, bàtà rọ́bà ló ń wọ̀ jókòó ṣe project rẹ̀.