Nọ́ńbà Àná, Kọ̀ǹpútà Òní

 Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń tọ́jú sáfà ní ọ́fíìsì kan ní Ìsọlọ̀, gbé ìwé kan wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ pín in fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Yorùbá rẹ̀." Àlàyé ni lórí àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń yí nínú Linux kí íntánẹ́ẹ̀tì lè já gaara. Yorùbá rẹ̀ dáa. Mo wá bi í pé, ọdún wo ni ọ̀rọ̀ yìí? Kò mọ̀. Ó dà á kọ ni.

Ẹ wo somaxconn. Òun ló ń sọ iye àwọn tó lè tò sẹ́nu ọ̀nà sáfà kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Ìwé náà ní 128 ni èèyàn máa bá níbẹ̀, kó gbé e sókè sí 1024. Òótọ́ ni, láyé ijọ́un. Ṣùgbọ́n láti Linux 5.4, tó jáde lọ́dún 2019, 4096 lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìwé yẹn lónìí rò pé òun ń fẹ ẹnu ọ̀nà ni, àṣé ó ti dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin! Kọ̀ǹpútà ò sì ní pariwo. Àfi bí ẹni tó kúrò ní Òṣòdì kí wọ́n tó ṣí ibùdókọ̀ ńlá yẹn ní 2019, tó wá ń júwe ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò fún àlejò.

Èkejì ni tcp_tw_recycle. Ó máa ń rántí àkókò tó wà lára ohun tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́ kẹ́yìn. Bí òmíràn bá tètè dé láti àdírẹ́sì kan náà, tí àkókò tirẹ̀ sì kéré sí ti àkọ́kọ́, á dà á nù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìmọye fóònù wa ló ń pín àdírẹ́sì kan lò. Ẹnì kan á wọlé, ẹni tó jókòó tì í ò ní rí ọ̀nà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní Linux 4.12, lọ́dún 2017. Ó ṣì wà nínú ìwé ọmọ wa!

Àwọn tó ń ṣe Linux gan-an ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Nínú ip-sysctl, ìwé àlàyé tiwọn, wọ́n kọ 4096, wọ́n sì fi kún un pé 128 ni kí 5.4 tó dé. Bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń ṣe nìyẹn: ìtumọ̀ àtijọ́ dúró, pẹ̀lú àkókò rẹ̀.

Ọmọ wa ní, "Ṣé kí n pa 1024 rẹ́ ni, sà?" Mo ní rárá. Kó kọ Linux tó bá a mu sí i, iye tó bá níbẹ̀ kó tó yí i, ìdí tó fi yí i, àti ọjọ́ tó yí i. A jọ ṣe méjì kó tó lọ wọ mọ́tò. Ó ku mẹ́tàdínlógún.