Ìwo tó wà lẹ́nu LNB: kí ẹ tó ra díìṣì tuntun

Àwọn kan bèèrè nínú gúrúùpù pé àwòrán tẹlifíṣọ̀n ń já, ṣé dandan ni kí àwọn ra díìṣì tuntun? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ná.

Díìṣì tó wà lórí páànù yẹn, jígí lásán ni. Ìgbì tó ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì wá, láti nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè, ló ń kó jọ sí ojú kan. Ẹnu LNB ló ń gbà á gan-an. Lábẹ́ ìdérí ike rẹ̀, irin kan wà tó fẹ̀ lẹ́nu, tó wá ń tóóró lọ sínú. Ìwo nìyẹn, horn lòyìnbó ń pè é.

Kí ló dé tó fi fẹ̀? Ẹ rántí kàkàkí tí wọ́n ń fun fún Sàríkí Kánò lọ́jọ́ Iléyá. Bí ẹ bá gé ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ yẹn kúrò, ohùn á dínkù, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ á ta padà sínú ọ̀pá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì rédíò. Bí ọ̀pá irin bá dópin lójijì, apá kan á ta padà. Bó bá ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìwọlé ni o, ìjáde ni o, ọ̀kan náà ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí: bí ẹnu ìwo bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni ojú tó fi ń wò ń tóóró sí i. Díìṣì nìkan ló yẹ kó máa wò. Bó bá wo kọjá etí díìṣì, ilẹ̀ gbígbóná tó wà lẹ́yìn á da ariwo mọ́ ọn. Bí ojú rẹ̀ bá tóóró jù, etí díìṣì á ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo LNB ló bá gbogbo díìṣì mu.

Nǹkan yìí ti pẹ́ o. Jagadish Chandra Bose, ọmọ Íńdíà, ti lò ó ní 1897. Àrọ ló pè é. Ní 1964, ní New Jersey, Arno Penzias àti Robert Wilson ń gbọ́ ariwo kan nínú ìwo ńlá tiwọn. Wọ́n lé ẹyẹlé inú rẹ̀, wọ́n fọ ìgbẹ́ wọn dànù, ariwo ò lọ. Àṣé ooru tó ṣẹ́ kù látìgbà tí àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ni! Wọ́n gba Nobel lé e lórí ní 1978.

Ó dáa. Bí àwòrán bá ń já, ẹ ní kí ẹni tó ń tún un ṣe kọ́kọ́ wo ẹnu LNB. Ṣé oòrùn ti la ìdérí rẹ̀? Ṣé omi ti wọlé? Ṣé agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ ti yí i? Kó wo orí wáyà náà. Ẹ má fi agolo bo ẹnu rẹ̀ o, irin kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá. Bí omi bá ti bà á jẹ́, LNB lẹ ó pààrọ̀. Díìṣì tí kò tẹ̀, tí ìpẹtà ò tíì jẹ, ṣì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fowó yín sápò.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́. Ire o.