Ìtọ́kasí Tí Ó Dàrú Nínú Ìwé Ìtàn, àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe

Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ìlú tàbí ìtàn ìjọ jẹ gbèsè méjì: ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi ẹni tí ó ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀ hàn. Bí a bá kọ ọ́ pé ìdílé báyìí ni ó tẹ ilẹ̀ kan dó, tí ìtọ́kasí wa sì darí òǹkàwé sí ìwé tí kò sọ bẹ́ẹ̀, a ti sọ òǹkọ̀wé àtijọ́ di ẹlẹ́rìí èké, a sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀.

Lára àwọn ẹ̀rọ tí a ń lò fún ìtọ́kasí lórí kọ̀ǹpútà ni Zotero, èyí tí àwọn òpìtàn Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà mú jáde ní ọdún 2006, tí a sì ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń tọ́jú orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún ìtẹ̀jáde sínú àká kan. Nígbà tí a bá ń kọ̀wé nínú Word, ó ń mú wọn jáde láti inú àká náà, ó sì ń tò wọ́n bí ó ti yẹ. Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ó ń dàrú.

Kí a tó wá àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà níwájú wa. Ìtọ́kasí tí a ń rí nínú Word kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Òjìji ohun tí ó wà nínú àká ni; okùn tí a kò fi ojú rí ni ó so méjèèjì pọ̀. Nítorí náà ibi mẹ́ta ni àléébù lè wà: lára okùn, nínú àká, tàbí nínú ìwé tí a ń kọ gan-an. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wádìí ibi tí ó wà yóò máa fi oògùn ẹsẹ̀ wo orí. Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ sì máa dán àtúnṣe wò lórí ẹ̀dà.

Èkíní, okùn. Bí Word kò bá lè bá Zotero sọ̀rọ̀, ẹ wò ó bóyá Zotero wà ní ṣíṣí, nítorí méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ ṣí. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ Zotero ni kò sí lókè ojú Word mọ́, ẹ ti Word pa; nínú Zotero, ẹ lọ sí “Settings”, lẹ́yìn náà “Cite”, kí ẹ sì tẹ “Reinstall Microsoft Word Add-in”.

Èkejì, àká. Ibí yìí ni orúkọ àwa Yorùbá ti ń kó ìdààmú bá ẹ̀rọ. Ẹ wo J. F. Ade Ajayi, ẹni tí ó kọ ìwé lórí àwọn míṣọ́n ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní ọdún 1965. Bí a bá kọ “Ajayi” sí àyè orúkọ ìdílé lónìí, tí a sì kọ “Ade Ajayi” síbẹ̀ lọ́la, ènìyàn méjì ni ẹ̀rọ yóò kà wọ́n sí. Bí a bá sì kó ìwé kan náà sínú àká lẹ́ẹ̀mejì, ìwé ọdún 1921 lè di “1921a” àti “1921b”. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tún èyí kọ nínú Word. Zotero yóò béèrè bóyá kí òun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbà, kò ní tún un ṣe mọ́, àní bí àká bá yí padà. Inú àká ni kí ẹ ti tún un ṣe, kí ẹ sì tẹ “Refresh” nínú Word. Ìwé tí ó bá di méjì, ẹ fi “Merge” so wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe pa ọ̀kan rẹ́, nítorí okùn rẹ̀ yóò já.

Ẹ̀kẹta, ìwé gan-an. Ẹ ṣí ìwé tuntun, kí ẹ fi ìtọ́kasí kan sí i. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, inú ìwé ti àtijọ́ ni àrùn wà. Ẹ gé ìdajì ẹ̀dà yín kúrò, kí ẹ tẹ “Refresh”. Bí àléébù bá lọ, inú ìdajì tí ẹ gé ni ó wà. Ẹ tún pín ìyẹn sí méjì, títí ẹ ó fi bá a. Báyìí ni mo ṣe rí ìtọ́kasí kan ṣoṣo tí ó dá odidi ìwé mi dúró; mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún “Unlink Citations”: ó ń gé gbogbo okùn, kò sì sí ìsopọ̀ mọ́. Ẹ̀dà tí ó ń lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé nìkan ni kí ẹ lò ó fún.

Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù. Ó kú ní ọdún 1901. Àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ó fi sílẹ̀ ni Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, fi tún ìwé náà tò, tí ó fi jáde ní ọdún 1921. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ pa ẹ̀dà ìwé yín àti ti àká yín mọ́, kí ẹ sì máa ṣí ojú-ìwé tí ẹ tọ́ka sí wò fúnra yín. Nítorí Zotero lè to orúkọ ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ẹlẹ́rìí náà sọ ohun tí a ní ó sọ.