Nọ́ńbà Kan Náà, Òṣùwọ̀n Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Oníṣòwò tí ó bá ra gààrí ní Uwasota, ní agbègbè Ugbowo ní Ìlú Bìní, yóò rí i pé ike ọ̀dà ni a fi ń wọn gààrí níbẹ̀; bí ó bá gbé e dé Ìbàdàn, kóńgò ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Bí ó bá kọ "3" sínú ìwé tí kò sì kọ òṣùwọ̀n tì í, ẹni tí ó gba ìwé náà ní Ìbàdàn yóò ṣi ọjà kà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Uwasota kò jìnnà sí Yunifásítì Ìlú Bìní tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ń gbé ibẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nínú wọn a máa kọ ètò sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọn a sì gbé e sórí fóònù láti ṣiṣẹ́. Ọkàn ẹ̀rọ méjèèjì yìí sábà máa ń yàtọ̀: ti Intel tàbí AMD ni ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ti ARM nínú fóònù. Níbi tí ẹ̀rọ méjì bá ti pàdé, ọ̀ràn òṣùwọ̀n dé nìyẹn.

Òdo àti oókan nìkan ni ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Bí nọ́ńbà bá ní pọ́ìntì nínú, bí i 3.75, ẹ̀rọ a pín ààyè rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: àmì tí ó ń fi hàn bóyá ó kéré sí òdo; ibi tí pọ́ìntì náà sún dé; àti àwọn nọ́ńbà gan-an. Nítorí pé pọ́ìntì náà lè sún síwá tàbí sẹ́yìn, ààyè kékeré kan lè gba jíjìnnà oòrùn sí ayé, kí ó sì tún gba ìwọ̀n kòkòrò àìfojúrí.

Ní àtijọ́, olúkúlùkù iléeṣẹ́ ni ó ń pín ààyè yìí bí ó ti wù ú. Nínú ẹ̀rọ System/360 tí IBM kéde ní 1964, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni pọ́ìntì fi ń sún. Ìlọ́po méjì ni ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn. Ní 1985 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí a ń pè ní IEEE fi òfin 754 lélẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n William Kahan kó ipa ribiribi nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn Turing sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1989. Bí a bá mú oókan tí ẹ̀rọ IBM yẹn kọ, tí a sì fi òṣùwọ̀n 1985 kà á, mẹ́sàn-án ni yóò jẹ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n IBM ka oókan ti 1985, ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n ni yóò dà.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ètò awá-àṣìṣe ti le. GDB, tí Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ ní 1986, lè jókòó sórí ẹ̀rọ kan kí ó máa yẹ ètò inú ẹ̀rọ mìíràn wò. Bí ó bá fi òṣùwọ̀n ilé ara rẹ̀ ka nọ́ńbà àlejò, yóò fi àṣìṣe tí kò sí han ẹni tí ń lò ó, yóò sì bo èyí tí ó wà mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni GDB ṣe ń tọ́jú àpèjúwe òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan: iye bíìtì rẹ̀, ibi tí àmì wà, àti ìhà tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ní 2017 ni a fi ètò ìṣirò MPFR kún un, kí ó lè ṣírò ní òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ tí ó jókòó lé kò ní rárá.

Òfin 1985 kò sì tíì parí ọ̀ràn náà. Irú nọ́ńbà tí èdè C ń pè ní "long double" jẹ́ bíìtì 80 lórí Linux ti Intel, ó sì jẹ́ 128 lórí Linux ti ARM oní-bíìtì 64.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kékeré wo irú ọ̀ràn báyìí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Júùnù 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 àkọ́kọ́ ti àwọn ará Yúróòpù tú ká lójú ọ̀run kí ìṣẹ́jú kan tó pé, sátẹ́láìtì mẹ́rin sì ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀. Ètò tí wọ́n mú láti inú Ariane 4 ni ó gbé nọ́ńbà onípọ́ìntì ti bíìtì 64 sínú ààyè bíìtì 16, tí kò lè gbà ju 32,767 lọ. Ariane 5 yára ju aṣáájú rẹ̀ lọ, nọ́ńbà náà sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá òṣùwọ̀n àtijọ́ ṣì gba ọjà tuntun.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa tún ètò rẹ̀ kọ ní òru nítorí nọ́ńbà tí kò yé e, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè: ẹ̀rọ wo ni ó kọ nọ́ńbà yìí, ẹ̀rọ wo ni ó sì ń kà á? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè méjì yìí ti rí ojú iṣẹ́ náà.