Fásitì ni àbí iṣẹ́ bọ́ọ̀lù? Ìpinnu tó ń dojú kọ àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa máa ń tọ̀. Yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, yóò máa dàgbà níbẹ̀, bó bá sì pé ọmọ ọdún 17 tàbí 18, ẹgbẹ́ náà yóò fún un ní ìwé àdéhùn tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, àwọn fásitì jẹ́ ibùdó ńlá fún eré ìdárayá, ẹni tó bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún fásitì lè rí owó ilé ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti oúnjẹ gbà nítorí ẹ̀bùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ọdún 17 lè bá ìwé méjì pàdé lórí tábìlì àwọn òbí rẹ̀: ọ̀kan wá láti fásitì, èkejì wá láti ọwọ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ máa san owó fún un.

Bó bá buwọ́ lu ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ó ṣeé ṣe kí ìlẹ̀kùn bọ́ọ̀lù fásitì tì mọ́ ọn títí láé. Bó bá sì mú ti fásitì, ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà kò ní dúró dè é. Ìdí nìyí tí ìpinnu ọ̀hún fi máa ń gba oorun lójú ọ̀pọ̀ ìdílé.

Báwo ni bọ́ọ̀lù fásitì ṣe rí?

Àjọ NCAA ló ń ṣàkóso èyí tó pọ̀ jù nínú eré ìdárayá àwọn fásitì Amẹ́ríkà. Ní ìpele tó ga jùlọ, tí wọ́n ń pè ní Division I, àwọn fásitì tó ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù ọkùnrin lé ní 200, àwọn tó sì ní ti obìnrin lé ní 300.

Oṣù Kẹjọ ni sáà wọn máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì parí nínú oṣù Kejìlá. Láàárín àsìkò kúkúrú yìí, ikọ̀ kan lè gbá nǹkan bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 20. Òfin wọn tún yàtọ̀ díẹ̀ sí ti FIFA, torí pé agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá yọ kúrò lórí pápá ṣì lè padà wọlé nígbà mìíràn.

Ohun tí àwọn alárìíwísí ń sọ ni pé ètò yìí kò tó láti sọ ọmọ di ògbóǹtarìgì. Ọmọ ọdún 19 tó wà ní Jámánì tàbí Sípéènì ń gbá bọ́ọ̀lù fún bí oṣù mẹ́wàá lọ́dún, àwọn àgbàlagbà tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ló sì ń bá a figa gbága. Akẹgbẹ́ rẹ̀ ní fásitì Amẹ́ríkà ń gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló padà sídìí ìwé.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo agbábọ́ọ̀lù fásitì ló ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí NCAA fàyè gbà fún ikọ̀ ọkùnrin kan ní Division I kò ju 9.9 lọ, ti obìnrin sì jẹ́ 14. Àwọn tó wà nínú ikọ̀ kan lè lé ní 25, nítorí náà akọ́nimọ̀ọ́gbá ní láti pín in wẹ́wẹ́: ẹnì kan á gba ìdajì, ẹlòmíràn á gba ìdá mẹ́rin, àwọn kan kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Láti sáà 2025, àwọn fásitì tó wọnú ètò tuntun lè fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n iye agbábọ́ọ̀lù inú ikọ̀ kò gbọdọ̀ ju 28 lọ.

Òfin tó ń ti ìlẹ̀kùn

Láti ìgbà pípẹ́ ni NCAA ti gbé òfin rẹ̀ ka orí èrò kan: akẹ́kọ̀ọ́ ni agbábọ́ọ̀lù fásitì, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ti buwọ́ lu àdéhùn láti máa fi bọ́ọ̀lù jẹun, wọn kì í sábà gbà á láyè mọ́ láti gbá a fún fásitì.

Òfin náà ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ Kìíní, oṣù Keje, ọdún 2021, ni wọ́n ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pa owó. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí àwọn fásitì lè máa san owó fún àwọn eléré ìdárayá wọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìkòkò kò gba gbogbo ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà.

Ọ̀nà àárín tún wà. Líìgì USL dá irú àdéhùn kan sílẹ̀ tó jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn àgbà láìgba owó, kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù ní fásitì má baà bọ́.

Àwọn tó yan iṣẹ́ bọ́ọ̀lù

Orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni Christian Pulisic. Bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ló gbá bọ́ọ̀lù fún fásitì George Mason, ṣùgbọ́n òun kò tọ ọ̀nà náà. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, ó lọ sí Borussia Dortmund ní Jámánì. Òfin FIFA kò sábà gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láyè láti lọ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ òkèèrè, àmọ́ ó yọ̀ǹda pé àwọn tó ti pé ọdún 16 lè ṣí láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù. Bàbá ìyá tàbí bàbá bàbá tó bá ní ìwé ọmọ onílùú níbẹ̀ lè di àtẹ̀gùn fún ọmọ, Pulisic sì rí ti Croatia gbà nípasẹ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Ní ọdún 2019, Chelsea san mílíọ̀nù 64 owó Yúrò lórí rẹ̀.

Weston McKennie kò ní irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. Ó dúró títí ó fi fẹ́ pé ọdún 18, ó kọ àdéhùn tí FC Dallas fi lọ̀ ọ́, ó kọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fásitì Virginia pẹ̀lú, ó sì gba Schalke lọ. Nígbà tó yá, ó di agbábọ́ọ̀lù Juventus.

Kò tún pọn dandan kí ọmọ fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2008 ni líìgì MLS ti gbé òfin kalẹ̀ tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè fún ọmọ tó tọ́ dàgbà nínú ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní àdéhùn. Nínú oṣù Keje ọdún 2024, Cavan Sullivan wọ pápá fún Philadelphia Union nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 14.

Ẹni tó di àkọsílẹ̀ náà mú kí Sullivan tó dé ni Freddy Adu, tí wọ́n bí sí Tema ní Ghana. Ọmọ ọdún 14 lòun náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DC United ní ọdún 2004, ariwo tó sì tẹ̀ lé e kò kéré. Àwọn kan pè é ní Pelé tuntun. Lẹ́yìn náà, ó kiri Pọ́túgà, Faransé, Gíríìkì, Tọ́kì, Bràsíl àti Fínlándì, ṣùgbọ́n ipò tí wọ́n ti yàn fún un láti kékeré kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìtàn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń rántí tí wọ́n bá mú kálàmù dání.

Àwọn tó gba fásitì kọjá

Kì í ṣe pé ọ̀nà fásitì kò dé ibì kankan. Jordan Morris ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Stanford nígbà tó jẹ góòlù fún Amẹ́ríkà sáwọ̀n Mexico ní ọdún 2015. Ó gba ife fásitì lọ́dún náà, ó sì gba ife MLS pẹ̀lú Seattle Sounders lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Tani Oluwaseyi, tí wọ́n bí sí Abuja tó sì kó lọ sí Canada lọ́mọdé, gbá bọ́ọ̀lù fún fásitì St. John's ní New York. Minnesota United mú un ní ọdún 2022. Nígbà tó fi máa di ọdún 2025, Villarreal ní Sípéènì ti rà á.

Ẹ wo ìdílé Dike náà, tí gbòǹgbò wọn wá láti Nàìjíríà. Bright lọ sí Notre Dame, Courtney lọ sí Oklahoma State, àwọn méjèèjì sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Àbúrò wọn, Daryl, lo ọdún méjì péré ní Virginia kó tó lọ sí Orlando City, lẹ́yìn náà West Brom ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà ló sì gbá bọ́ọ̀lù fún. Ìfarapa iṣan gìgísẹ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 2023 sí 2024. Ó hàn gbangba pé ẹsẹ̀ tó ń gbéni dé ibi gíga náà lè dáni dúró lójijì.

Ti àwọn obìnrin ńkọ́?

Fún ìgbà pípẹ́, fásitì ni ọ̀nà ọba fún obìnrin. Òfin Title IX ti ọdún 1972 kò gba ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ láyè láti ya obìnrin sọ́tọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù obìnrin gbilẹ̀ ní fásitì kó tó gbilẹ̀ níbòmíràn.

Lindsey Horan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà náà. Ní ọdún 2012, ó kọ̀ láti lọ sí fásitì North Carolina, ó sì lọ sí Paris Saint-Germain ní ọmọ ọdún 18. Olivia Moultrie gba ilé ẹjọ́ lọ ní ọdún 2021 nítorí pé líìgì NWSL kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ó borí, Portland Thorns sì fún un ní àdéhùn ní ọmọ ọdún 15.

Síbẹ̀, Stanford ni Naomi Girma ti jáde. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí owó ìràwọlé rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là, nígbà tó lọ sí Chelsea. Michelle Alozie ti Super Falcons kàwé gboyè ní Yale, ó sì ti ṣiṣẹ́ ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ rí bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun náà ló jẹ góòlù tó gbé Nàìjíríà kọjá South Africa lọ sí àṣekágbá ife Áfíríkà nínú oṣù Keje ọdún 2025.

Èwo ló lérè jù?

Ní ọdún 2025, owó tó kéré jùlọ tí MLS ń san fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ jẹ́ $80,622 lọ́dún. Lójú ẹni tó wà nílé, owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n owó ọdún kan ní fásitì aládàáni bíi Stanford, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ, ti kọjá $80,000. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́rin lè tó owó iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, ìwé ẹ̀rí yóò sì wà nílé. Ẹni tó gba àdéhùn ní ti tirẹ̀ ti fi ọdún mẹ́rin ṣíwájú nínú iṣẹ́ tí kì í sábà kọjá ọdún 35.

Ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kí òbí béèrè kí ọmọ tó buwọ́ lùwé:

• Ọdún mélòó nínú àdéhùn náà ló dájú, mélòó ló sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹgbẹ́ ló wà bóyá kí ó tẹ̀ síwájú?

• Ṣé owó ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀? Àdéhùn Generation Adidas ti MLS, fún àpẹẹrẹ, máa ń ya owó sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ padà sí fásitì.

• Ṣé ọmọ náà yóò gbá bọ́ọ̀lù ní tòótọ́, àbí yóò máa jókòó wo àwọn ẹlòmíràn?

• Bó bá jẹ́ fásitì ni, ìdá mélòó nínú owó ilé ẹ̀kọ́ ni wọn yóò san, ṣé lọ́dọọdún ni wọn yóò sì máa tún un yẹ̀ wò?

Ìkarùn-ún wà fún ọmọ tó bá fẹ́ lọ láti Nàìjíríà tàbí Ghana. Ẹni tó ń fi fisa akẹ́kọ̀ọ́ gbé ní Amẹ́ríkà kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú, nítorí náà owó orúkọ àti àwòrán tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà lè má kàn án. Kí ẹnikẹ́ni tó san owó fún alágbàtà tó ń ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ rí lẹ́tà tó wá tààrà láti ọwọ́ fásitì náà fúnra rẹ̀.

Kò sí ọ̀nà kan tó tọ́ fún gbogbo ọmọ. Pulisic kò kábàámọ̀ Dortmund, Girma náà kò pàdánù nǹkan kan ní Stanford. Ohun tó dájú ni pé ọmọ ọdún 17 ló ń buwọ́ lùwé, ẹni ọdún 35 ni yóò sì jẹ èrè rẹ̀ tàbí kó ru ẹrù rẹ̀.