Àìrìnpọ̀ Ejò Ni Ó Ń Jẹ Ejò Níyà: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Eré Ogun Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, púpọ̀ nínú yín ni ó ti bá ọmọ yín nídìí kọ̀ǹpútà, tí ẹ rí máàpù ayé lójú ẹ̀rọ náà, tí ọfà ń tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ẹ sì wí nínú ọkàn yín pé, "Eré òfò ni èyí." N kò ní kí ẹ má bá ọmọ wí bí ó bá pa ìwé rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń bẹ nínú àwọn eré wọ̀nyí tí ó yẹ kí àgbàlagbà pàápàá fi ara balẹ̀ wò, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan ọlọ́jà, ó kan olùkọ́, ó sì kan gbogbo ẹni tí ó ní alábàáṣe.

Hearts of Iron IV ni orúkọ eré náà. Ilé iṣẹ́ Paradox ti ilẹ̀ Sweden ni ó ṣe é. Wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2016, èyí tí ó pé ọdún 72 gééré lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Kánádà gúnlẹ̀ sí Normandy ní ilẹ̀ Faransé láti bá Hitler jà. Ọdún 1936 ni eré náà lè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é yóò mú orílẹ̀-èdè kan, yóò kọ́ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun ìjà, yóò kó ọmọ ogun jọ, yóò sì bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dá ẹgbẹ́ ogun. Níbi ẹgbẹ́ yìí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Bí ẹ bá mú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Faransé sì jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, ẹ kò lè pàṣẹ fún ọmọ ogun Faransé. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ronú fún un, bí ó bá sì tọ́ lójú rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ó lè kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò níbi tí ẹ gbójú lé, kí ó gbé wọn lọ síbòmíràn. Ọmọdé tí kò mọ èyí a máa bínú, a sì dá nìkan sáré wọ àárín ilẹ̀ ọ̀tá. Kí ó tó bojú wẹ̀yìn, ọ̀tá ti gba ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣófo wọlé, wọ́n ti yí i ká, oúnjẹ àti ọta ìbọn kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ogun tí a bá yí ká tí a sì ṣẹ́ kò ní ọ̀nà tí yóò sá gbà. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń run.

Kí ni ọlọ́gbọ́n ń ṣe? Èkíní, kí ó tó ṣí ẹsẹ̀, ó ń wo ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró sí, kí àlàfo má baà wà láàárín àwọn méjèèjì. Èkejì, ó ń ní sùúrù. Nínú eré yìí, ọ̀gágun tí ó fa ìlà ìjà rẹ̀ tí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun fi ọjọ́ mélòó kan múra, agbára ìkọlù wọn a máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹni tí ó kánjú kò ní rí èrè yìí jẹ.

Ẹ̀kẹta ni ti oúnjẹ, òun ni ó sì ń pa ọ̀pọ̀ eléré láyò. Ìwọ̀n wà fún ohun tí rélùwéè, èbúté àti ọkọ̀ ẹrù lè kó dé agbègbè kan. Inú ìwọ̀n kan náà ni ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ti ń jẹ. Bí ọmọ ogun rẹ̀ bá ti kún ibẹ̀, tí ẹ tún rọ́ tiyín dé ní orúkọ ìrànlọ́wọ́, ebi yóò pa gbogbo yín. Nígbà mìíràn, ìbọn àti ọkọ̀ ni ó yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, tàbí kí ẹ ṣí ojú ìjà mìíràn níbòmíràn kí ọ̀tá lè pín ara rẹ̀ sí méjì. Ẹ sì lè tọrọ ọ̀wọ́ ọmọ ogun díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gbà, wọn yóò wà lábẹ́ àṣẹ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ogun gidi rí. Ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 1943, Churchill, Roosevelt àti Stalin pàdé ní ìlú Tehran, ní ilẹ̀ Iran. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ẹnì kejì. Ó ti pẹ́ tí Stalin ti ń ráhùn pé àwọn ọmọ ogun òun ni ìyà ogun orí ilẹ̀ ń jẹ jù. Wọ́n ṣe àdéhùn pé Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà yóò gúnlẹ̀ sí Faransé ní ọdún 1944, àti pé Rọ́ṣíà yóò kọlu Jámánì láti ìlà-oòrùn ní àkókò kan náà, kí ọ̀tá má baà lè kó ogun láti ìhà kan lọ sí èkejì.

Àdéhùn náà ṣẹ. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò dára, Eisenhower tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn sì sún un sí ọjọ́ 6. Bí 156,000 ọmọ ogun ni ó wọ Normandy lọ́jọ́ náà. Kí oṣù náà tó parí, Rọ́ṣíà ti bẹ̀rẹ̀ ìkọlù ńlá tirẹ̀ ní ilẹ̀ Belarus. Jámánì kò lè kojú méjèèjì. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun sáré la ilẹ̀ Faransé kọjá ní oṣù kẹjọ, epo ọkọ̀ kò lè bá wọn dọ́gba mọ́. Àwọn awakọ̀ ẹrù, tí púpọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, wakọ̀ tọ̀sán tòru láti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣàì sọ fún àwọn ọmọ pé eré kì í fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà yẹn nìkan, àwọn tí ó kú nínú àwọn tí ó gúnlẹ̀ lé ní 4,000. Ẹni tí ó bá pàdánù lórí kọ̀ǹpútà lè tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn kò lè tún un bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá tún bá ọmọ yín nídìí eré náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni ọ̀rẹ́ rẹ dúró sí? Ọjọ́ wo ni ẹ jọ fẹ́ gbéra? Kí ni àwọn ọmọ ogun yín yóò máa jẹ? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kí ó dá eré náà dúró kí ó sì ronú. Ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ fẹ́ da owó pọ̀ láti jùmọ̀ ra ọjà, ẹ bi ara yín ní irú ìbéèrè yìí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.