Ọjọ́ Kan ní Abúlé Àṣà àwọn Basotho

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í máa wí pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Àwa dé oko ẹlòmíràn, a sì fẹ́ ròyìn ohun tí a rí níbẹ̀ fún yín.

Iṣẹ́ kan ni ó gbé wa lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ku ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ òfúrufú wa tó gbéra. Àwa mẹ́rin ni, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, òbí ọmọ sì ni gbogbo wa. A rò pé kò yẹ kí a máa fi ọjọ́ méjì náà yí ọjà Johannesburg ká lásán, nígbà tí a lè lọ mọ àwọn onílẹ̀ àti ìṣe wọn. Ẹni tí ó gbà wá lálejò ni ó júwe abúlé àṣà àwọn Basotho fún wa. Basotho Cultural Village ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Free State, nínú ọgbà ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún òkè àti ẹranko ìgbẹ́, Golden Gate Highlands National Park, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1963.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí àwọn Basotho jẹ́. Lesotho, orílẹ̀-èdè kékeré tí Gúúsù Áfíríkà yí ká níhà gbogbo, ni ilé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ní Gúúsù Áfíríkà fúnra rẹ̀, ní Free State pàápàá. Èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, Sesotho. Èyí kò ní í ṣe àjèjì sí àwa ará Kétu àti Sábẹ̀. Àwọn òyìnbó tí wọ́n fa ààlà kò bi wá léèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ń gbé àti ibi tí àbúrò wa ń gbé kí wọ́n tó fà á.

“Ko-ko!”

Wákàtí mẹ́rin ni a fi wà nínú ọkọ̀. Ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, oko àgbàdo ní ọ̀tún àti òsì, títí òkè fi bẹ̀rẹ̀. Òkè ibẹ̀ kò rí bí àpáta dúdú Sábẹ̀ àti Ìdàáṣà. Òkúta yanrìn ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá sì ràn sí i, a máa dán bí wúrà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà náà ni ó yé wa ìdí tí àgbà àti èwe fi ń da kúbùsù bora lójú ọ̀nà. Kúbùsù ni agbádá àwọn Basotho: òun ni wọ́n fi ń ṣe ìgbéyàwó, òun ni wọ́n fi ń lọ sí ìsìnkú. Wọ́n a tún máa dé àkẹtẹ̀ koríko kan tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, mokorotlo ni orúkọ rẹ̀. Àwòrán àkẹtẹ̀ yìí ni ó wà láàárín àsíá Lesotho láti ọdún 2006.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé wa ní ẹnu ọ̀nà abúlé. Kò jẹ́ kí a wọlé. Ó ní ilé onílé ni, a kì í sì í já wọ ilé onílé. Ó dúró, ó ké sókè: “Ko-ko!” Ó dákẹ́. Ó tún ké. Ìgbà tí ohùn kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún ni ó tó ní kí a máa tẹ̀ lé òun. Àwa wo ara wa, a rẹ́rìn-ín. Kí ni ó fi yàtọ̀ sí “Àgò onílé o” tí àwọn ìyá wa kọ́ wa? Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ó wà pẹ̀lú wa sọ pé: “Àwọn ọmọ tèmi kò ké àgò mọ́. Agogo ara ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tẹ̀.” Ẹ̀rín wa dín kù.

Ó mú wa dé khotla, àgbàlá tí a ṣọgbà yí ká, níbi tí baálẹ̀ máa ń jókòó láti gbẹ́jọ́ àti láti gba àlejò. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ó ti kí i: “Dumela, Ntate.” Ntate ni bàbá, Mme ni ìyá. Ẹni tí ó bá tó bàbá tàbí ìyá ẹni, a kì í là á lórúkọ mọ́lẹ̀. Bàbá náà bu ọtí ọkà bàbà sínú igbá, ó kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ kí ó tó gbé e fún wa, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ọtí náà kan díẹ̀, ó jọ ṣúkútù tí àwọn ará àríwá ilẹ̀ Benin ń pọn.

Lẹ́yìn náà ni ó bi wá léèrè ìran tí a ti wá. Àwọn Basotho ní ìdílé-ìdílé, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ní ẹranko tí a fi ń pè é: Bakwena ni ọmọ ọ̀nì, Bataung ni ọmọ kìnnìún. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní oríkì, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní. Bàbá náà ki tirẹ̀ láìdánudúró, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ó kàn wá, nínú àwa mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ dé òpin. A kò ní í sọ orúkọ àwọn mẹ́ta yòókù.

Ògiri tí òjò ń fọ̀

Àwọn ilé abúlé náà kì í ṣe ti ìgbà kan náà. Wọ́n tò wọ́n bí ẹni tó ń pa ìtàn. Èyí tí a kọ́kọ́ wọ̀ ni irú ilé tí wọ́n ń gbé ní ohun tí ó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn: ó rí rìbìtì, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti bẹ̀rẹ̀ wọlé. Bí a ti ń lọ ni ilé ń yí padà, títí a fi kan ilé onígun mẹ́rin tí ó ní fèrèsé àti tábìlì, tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí àwọn oníṣòwò àti míṣọ́nnárì ti dé. Èyí dùn mọ́ wa. Wọn kò purọ́ fún àlejò pé bí nǹkan ti wà ní ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ó wà títí.

Ohun tí ó mú wa dúró pẹ́ jù ni ògiri. Àwọn obìnrin Basotho ni í rẹ́ ilé. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ. Kí ó tó gbẹ, wọ́n á fi ìka tàbí fọ́ọ̀kì fà á ní ìlà-ìlà bí poro oko, ìlà kan á lọ síhìn-ín, èkejì á lọ sọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn á sì fi ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ funfun àti dúdú kùn ún. Litema ni orúkọ iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì bá èyí tí wọ́n fi ń pe oko ríro tan. Ìyá ni í kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀.

Obìnrin kan ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí a dé. A kí i pé, “Dumela, Mme.” A bi í pé ọdún mélòó ni ọnà náà lè lò lára ògiri. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òjò ńlá bíi mélòó kan tó láti fọ̀ ọ́ dànù. A ní kí ni wọ́n wá ń ṣe wàhálà sí i fún. Ó dáhùn pé: “Bí kò bá lọ, ọmọ mi kò ní í rí mi kí n máa ṣe é.”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé kọ́ ọrùn títí a fi padà dé ilé.

Ohun tí a dì mú àti ohun tí a fi sílẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ ìtàn Ọba Moshoeshoe Kìíní fún wa, ẹni tí ó kó àwọn tí ogun tú ká jọ sórí òkè Thaba Bosiu ní 1824, tí ó sì kú ní 1870. Ìtàn sọ pé nígbà ogun àti ìyàn, àwọn ajẹ̀nìyàn kan pa bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, àwọn ènìyàn ní kí wọ́n pa wọ́n. Ọba ní rárá: inú wọn ni ibojì bàbá òun, a kì í sì í ba ibojì jẹ́. Ó dá wọn sí. Ọba yìí kan náà ni ó gba àwọn míṣọ́nnárì Pùròtẹ́sítáǹtì láti ilẹ̀ Faransé ní 1833, tí ó sì gba àwọn Fádà Oblates ní 1862. Fádà Joseph Gérard wà nínú wọn, ọmọ Faransé tí ó kọ́ Sesotho, tí ó sì fi bá àwọn Basotho sọ̀rọ̀ títí ó fi kú láàárín wọn ní 1914. Pápà Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kà á mọ́ àwọn alábùkúnfún ní 1988.

Ilé kan kù tí ẹsẹ̀ wa wúwo láti wọ̀. Ilé ngaka ni, adáhunṣe tí ó máa ń da eegun sílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. A tẹ́tí sí àlàyé rẹ̀ lórí ewé àti egbò, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì ní kí ó wo nǹkan kan fún wa. Àwa tí a ń kọ́ni ní katikísìmù kò lè ṣe kí a má rántí Benedict Daswa. Ní Limpopo, ní àríwá Gúúsù Áfíríkà, ni òun ń gbé. Olùkọ́ ìgbàgbọ́ ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1990, àrá sán jó ilé ní abúlé rẹ̀. Wọ́n ní kí olúkúlùkù dá rand 5, kí wọ́n fi lọ bá ẹni tí yóò tọ́ka àjẹ́ tí ó rán àrá náà. Daswa kọ̀, kò dá a. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún náà, wọ́n pa á. Ìjọ kà á mọ́ àwọn alábùkúnfún ní ọdún 2015. Kì í ṣe pé ó kórìíra àwọn ènìyàn rẹ̀. Àárín wọn ni ó ń gbé, àwọn ọmọ wọn ni ó ń kọ́. Ó mọ èyí tí ó yẹ ní dídì mú, ó sì mọ èyí tí ó yẹ ní fífi sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ la ikú lọ.

Àṣà tí a fi ṣe ọgbà

Bí a ti fẹ́ máa jáde, ọ̀kan nínú wa sọ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lọ́kàn gbogbo wa. Ó ní: “Ó dára o, ṣùgbọ́n eré ni. Baálẹ̀ yẹn, owó oṣù ni ó ń gbà.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jiyàn. Ó tilẹ̀ sọ èyí tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní bàbá òun kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní apartheid, ìjọba pín àwọn ènìyàn dúdú sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, ó sì ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ ilẹ̀ tóóró kan ní tirẹ̀. QwaQwa, láàárín àwọn òkè wọ̀nyí, ni wọ́n yàn fún àwọn Basotho. Láti 1974 ni wọ́n ti fún un ní ìjọba tirẹ̀ lábẹ́ ìjọba ńlá, títí gbogbo ètò náà fi wó ní 1994. Ohun tí àwọn aláṣẹ ń wí ni pé: ẹ ní àṣà yín, ẹ lọ máa ṣe é níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n fi àṣà ṣe ọgbà tí wọ́n sé ènìyàn mọ́. Ẹni tí ó jẹ irú ìyà yẹn, bí ó bá tún rí ọgbà kan tí wọ́n kó àṣà sí kí àlejò máa wá sanwó wò ó, ọkàn rẹ̀ kò lè balẹ̀.

A bi í pé, “Kí ló dé tí ìwọ fi wá?” Ó ní: “Mo nílò iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibí ni mo ti mọ oríkì ìdílé mi. Nílé, kò sí ẹni tí ó kọ́ mi.”

Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin tí ó ń ya ògiri ti pààrọ̀ aṣọ, ó ń dúró de ọkọ̀ lójú ọ̀nà. A gbé e dé Phuthaditjhaba, ìlú tí ó ń gbé. Ó sọ fún wa pé bíríkì ni òun fi kọ́ ilé tòun, ọ̀dà inú agolo ni òun sì fi kùn ún. Ṣùgbọ́n ilé ìyá òun ní abúlé ṣì jẹ́ ti amọ̀. Bí ọdún Kérésìmesì bá ń súnmọ́lé, òun àti ọmọ òun a máa lọ síbẹ̀, wọ́n a sì jọ tún ògiri rẹ́. Ọmọ náà a máa kùn pé ọwọ́ òun dọ̀tí, ó ní ṣùgbọ́n ìlà tirẹ̀ ti ń tọ́ ju ti òun lọ.

Ìlà tiwa

A kò kọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu abúlé àṣà. Bí kò bá sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ì bá má mọ oríkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn wá, nítorí ilé ni ó yẹ kí ó ti kọ́ ọ. Ohun tí a bá ń ṣe nílé, kò dìgbà tí a bá sanwó kí ọmọ wa tó rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní ilé ìtura, ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta tí kò lè ki oríkì parí mú fóònù, ó pe ìyá rẹ̀ ní Kétu. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí.” Ìyá náà dákẹ́, ó ní, “Ṣé kò sí o? Ṣé ara rẹ yá?” Ó ní ara òun yá. Nígbà náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó yí fóònù ká, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ títí ó fi parí.

Ẹ̀yin òbí, ìyá yẹn ti lé ní 80 ọdún. Òjò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ki àwọn ọmọ wa lówùúrọ̀ ọ̀la kí wọ́n tó gbé àpò ìwé wọn, ní èdè tí a fi kí àwa náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ké àgò kí wọ́n tó wọlé. Bí ìlà wọn kò bá tíì tọ́, ẹ má ṣe bínú. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọn dọ̀tí.